Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìsanrajù wà, àbí inú ìkòkò ọbẹ̀?

Olùkọ́ Ìjẹmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Níbi ìpàdé àwọn òbí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń sanra jù délẹ̀, ẹnu ò sì kò. Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, ẹni bíni là á jọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwọn kan ní irọ́ ni, àjẹkì àti ìmẹ́lẹ́ ni. Àwọn mìíràn tún ń sọ nípa àyẹ̀wò DNA kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ fi itọ́ ẹnu ránṣẹ́, wọn á sọ oúnjẹ tó bá ẹ̀jẹ̀ yín mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, èwo ni òótọ́? Ọmọ wo ló yẹ ká gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà? Kí la sì máa ṣe sí ìkòkò ọbẹ̀ wa?

Onímọ̀-Àjogúnbá Àlàbàtà

Olùkọ́, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbejì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti kọ́kọ́ lágbára, ọ̀rọ̀ ìbejì kò sì ṣàjèjì sí wa.

Ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì ló ń di ìbejì ajọra, jíìnì wọn, ìyẹn ìlànà àjogúnbá inú DNA, bára mu. Ẹyin méjì ló ń di ìbejì tí kò jọra, bí ọmọ ìyá àti baba kan náà ni wọ́n ṣe jọra mọ. (Àwọn ìbejì tó pọ̀ ní Ìgbò-Ọrà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irú kejì yìí ló pọ̀ jù nínú wọn. Iye ìbejì ajọra kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì, bíi 4 nínú 1,000 ìbímọ.) Tó bá jẹ́ ìkòkò ilé nìkan ló ń pinnu bí ara ṣe tóbi, ó yẹ kí oríṣi ìbejì méjèèjì rí bákan náà, ìkòkò kan náà ṣáà ni wọ́n ń bù jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ara ìbejì ajọra súnmọ́ra ju ti èkejì lọ fíìfíì, kódà bí wọ́n bá tọ́ wọn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1986, Albert Stunkard àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ àgbàlagbà 540 wò ní Denmark, tí wọ́n ti gbà tọ́ láti kékeré. Ìwọ̀n ara wọn bá ti òbí tó bí wọn mu. Kò bá ti òbí tó fún wọn lóúnjẹ mu.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Claude Bouchard ní Kánádà, 1990. Ó kó ìbejì ajọra, méjì-méjì lọ́nà méjìlá, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́kùnrin 24, sójú kan fún 100 ọjọ́. Ọjọ́ 6 láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kálórì 1,000 lé sí iye tí ara rẹ̀ ń lò. Oúnjẹ àlékún kan náà, ìṣọ́ kan náà. Ẹni tó sanra kéré jù fi kílò 4.3 kún un, ẹni tó sanra jù fi kílò 13.3 kún un. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 8.1. Ṣùgbọ́n Táíwò àti Kẹ́hìndé inú ilé kan náà kì í jìnnà síra. Bí ti Táíwò bá pọ̀, ti Kẹ́hìndé náà á pọ̀. Àwọn tó ń fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló fà á, ẹ rántí àwọn ọmọkùnrin 24 yìí.

Nípa iṣẹ́ ìbejì báyìí ni wọ́n fi ń sọ pé ìdá 40 sí 70 nínú 100 ni jíìnì kó nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Kò túmọ̀ sí pé nínú kílò 90 tí màmá kan wọ̀n, 60 jẹ́ ti jíìnì, 30 tó kù jẹ́ ti ẹ̀bà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, ní àdúgbò kan náà, lásìkò kan náà, ni iye yẹn ń wọ̀n. Bí oúnjẹ àdúgbò bá yí padà, gbogbo èèyàn lè sanra sí i lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé jíìnì ẹnikẹ́ni yí.

Alátà Kútọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa, níbo gan-an ni jíìnì yìí jókòó sí nínú ara tó fi ń sanni? Ṣé inú ọ̀rá ni, àbí inú ikùn? Àwọn kan ní iná ara ló ń rọlẹ̀.

Dókítà Ọmọdé Òkè-Mosàn

Ìyá wa, inú orí ló jókòó sí jù. Ìdáhùn yìí ló yẹ kó yí ọ̀nà tí à ń gbà bá àwọn tó sanra sọ̀rọ̀ padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i.

Ẹ wo ọ̀rá bí àká. Bí àká bá ti kún, ó yẹ kí ẹnì kan lọ sọ fún ààfin pé oúnjẹ pọ̀, kí wọ́n dẹwọ́. Ìránṣẹ́ yẹn ni họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní leptin. Inú ọ̀rá ló ti ń jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, apá kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus ló ń lọ jíṣẹ́ fún. Níbẹ̀, etí tó ń gba iṣẹ́ náà kẹ́yìn ni èyí tí jíìnì MC4R ń ṣe. Bí iṣẹ́ bá dé, ebi á rọlẹ̀.

Bí a ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Lọ́dún 1949, ní ilé ìwádìí Jackson ní Bar Harbor, Amẹ́ríkà, eku kan tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò yé jẹun. Lẹ́yìn náà, Douglas Coleman so iṣan ẹ̀jẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti eku tí ara rẹ̀ pé. Eku tó sanra dín oúnjẹ kù, ó sì rù. Ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀ ló ṣe é. Lọ́dún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Rockefeller University rí jíìnì tó ń ṣe ohun náà. Ní 1997, ní Cambridge, Stephen O'Rahilly, Sadaf Farooqi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i nínú ọmọ ènìyàn: ọmọbìnrin ọdún 8 tó wọ̀n tó kílò 86, àti ìbátan rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 2 tó wọ̀n tó kílò 29. Ara wọn kò lè ṣe leptin rárá. Àká ti kún débi pé ó fẹ́ bẹ́, ààfin ṣì rò pé ìyàn mú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọbìnrin náà ní leptin lójoojúmọ́, oúnjẹ tó ń jẹ lọ sílẹ̀, ó sì fi kílò 16.4 sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Wọn ò bá a wí, wọn ò febi pa á. Ìránṣẹ́ tí kò sí ni wọ́n dá padà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra leptin o. Leptin pọ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó sanra. Etí ọpọlọ ni kò gbọ́ ọ mọ́, àfikún abẹ́rẹ́ kì í sì í ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àìsí leptin ṣọ̀wọ́n gan-an, torí ẹ̀dà tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó sábà máa ń hàn níbi tí ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan. Níhìn-ín, wọ́n á wádìí ìdílé kí wọ́n tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a kì í fẹ́ ẹbí, ìyẹn sì ń dín irú àbùkù àjogúnbá bẹ́ẹ̀ kù. Ti MC4R yàtọ̀: ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó láti mú kí ebi máa pa ọmọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì tó lè dá nìkan fa ìsanrajù. Láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìsanra wọn le púpọ̀, ó lè tó 5 nínú 100.

Onímọ̀-Àjogúnbá Àlàbàtà

Dókítà ti sọ ti jíìnì tó ń dá nìkan ṣe é. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojúkò nínú DNA ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èrò púpọ̀ ń fa okùn kan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni FTO lórí krómósómù 16, tí wọ́n rí ní 2007. Láàárín àwọn òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹni tó jogún ẹ̀dà rẹ̀ tó ń mú ni sanra láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì fi nǹkan bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò jogún un rárá. Kílò 3 péré, fún èyí tó lágbára jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀. Ọ̀nà tó sì ń gbà ṣe é kò ju pé àwọn tó ní i ń jẹ díẹ̀ sí i, oúnjẹ kì í tètè tó wọn. Ebi náà ni.

Apòògùn Pànṣẹ́kẹ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn lọ sùn lé jíìnì lórí. Ìgbò-Ọrà tí ẹ dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, títì kan ló so ó pọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta níbí. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìwọ̀n ara àti ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, Ìgbò-Ọrà wà lára ibẹ̀, wọ́n wọn ti àwọn ará Karíbíánì, wọ́n wá wọn ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Maywood nítòsí Chicago. Ìran kan náà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ara ṣe ń tóbi sí i náà ló ṣe ń lọ, láti ìhín dé ọ̀hún. Tí jíìnì bá ni gbogbo rẹ̀, kí ló yí láàárín ìrìnàjò ojú òkun? Kò ju ọ̀rúndún mẹ́ta, mẹ́rin lọ.

Onímọ̀-Àjogúnbá Àlàbàtà

Òótọ́ ni, n kò sì bá yín jà. Jíìnì ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sanra nínú agbo kan. Oúnjẹ tó yí agbo ká ló ń sọ iye ènìyàn tó máa sanra nínú agbo náà. Ẹ jẹ́ ká di méjèèjì mú.

Ẹ̀rí kan wá látinú iṣẹ́ yẹn tó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Amy Luke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn iná tí ara àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà ń sun lóòjọ́, wọ́n fi wé ti àwọn obìnrin dúdú ní Maywood. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 ni pé iye iná tí obìnrin kan ń sun kò sọ bóyá á sanra lẹ́yìn náà, ní ìlú méjèèjì. Nítorí náà, ìyá wa Alátà, kì í ṣe iná ara ló rọlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó ń wọlé láti ẹnu ló pọ̀ sí i. Eré ìdárayá ṣì wúlò gidi: ní 2011, nígbà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àgbàlagbà tó lé ní 218,000 pọ̀, ipa FTO fi bí ìdá 27 nínú 100 kéré sí i lára àwọn tí kì í jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n ìrìn láti Sápọ́n dé Kútọ̀ kò lè pa ìgò mínírà méjì rẹ́.

Olùkọ́ Ìjẹmọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ti àyẹ̀wò itọ́ ẹnu wá ńkọ́? Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà.

Onímọ̀-Àjogúnbá Àlàbàtà

Ẹ má ná owó yín síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ìwádìí tó tóbi jù nígbà tó jáde, ní 2018, lo àkọsílẹ̀ nǹkan bí 700,000 ènìyàn, ó sì rí ojúkò 941 tó ní ọwọ́ nínú ìwọ̀n ara. Gbogbo wọn lápapọ̀ ṣàlàyé bíi 6 nínú 100 péré nínú ìyàtọ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Ìyẹn lára àwọn tó ní ìran Yúróòpù, tí wọ́n fi ṣe é gan-an. Bí a bá gbé irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ẹ̀gbá, agbára rẹ̀ tún ń lọ sílẹ̀. DNA Áfíríkà ló pẹ́ jù láyé, ó ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ju ti ibòmíràn lọ. Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì kan lára òyìnbó lè má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì náà mọ́ lára wa. Àmì ni àyẹ̀wò wọn ń kà, kì í sábà jẹ́ ohun tó fa ọ̀ràn gan-an.

Ohun tí a ní kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Ní 2017, ẹgbẹ́ kan tí Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú wọn rí ẹ̀dà kan nínú jíìnì SEMA4D. Nǹkan bí 1 nínú 100 ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ní i, wọ́n sì fi bíi kílò 2.7 wúwo ju àwọn tí kò ní i lọ. Wọn kò rí i lára òyìnbó. Ẹni tí kò wá sílé wa, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú yàrá?

Ti "oúnjẹ tó bá jíìnì yín mu": ní 2016 wọ́n kó èsì àwọn ìwádìí pọ̀ lórí àwọn tó ń gbìyànjú láti fọn. Ẹni tó ní ẹ̀dà FTO àti ẹni tí kò ní i, iye kílò tí wọ́n fi sílẹ̀ kò yàtọ̀. Bí wọ́n bá fi ìwé oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín, ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbà ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kí a tó sọ pé ẹnì kan sanra jù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bó ti yẹ, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orí ilẹ̀ líle, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì, ni kí òṣùwọ̀n jókòó sí. Orí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló máa pa. Kí ẹni náà bọ́ bàtà, kó tú gèlè, kó yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kó wọ aṣọ fúyẹ́. Àárọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀. Fún gíga, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí ojú wo iwájú gan-an. Fìlà àti irun dídì tó ga ń fi sẹ̀ǹtímítà kún un lásán. Ẹ wá sọ gíga di mítà, ẹ fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi pín kílò. Bí àpẹẹrẹ, kílò 84 àti mítà 1.60: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56, 84 pín sí 2.56 jẹ́ 32.8. Fún àgbàlagbà, 25 sókè ti wúwo jù, 30 sókè ni ìsanrajù. Ẹni tó ń gbé irin tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ agbára lè wọ̀n jù láìní ọ̀rá púpọ̀, nítorí náà ẹ wọn ìbàdí pẹ̀lú. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín àwọn méjèèjì ni kí téèpù gbà yí ara ká. Kó jẹ́ lára gan-an, kó má jẹ́ lórí ìró. Kí ẹni náà mí jáde kí ẹ tó kà á. Obìnrin tó lé ní 80, ọkùnrin tó lé ní 94 sẹ̀ǹtímítà, kó lọ yẹ ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ má fi 25 àti 30 yìí wọn ọmọdé láé. Ti ọmọdé ń yí pẹ̀lú ọjọ́ orí, àtẹ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni a ń lò. Ọmọ ọdún 8 tó bá jẹ́ 22 ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ lára àgbà, 22 dára.

Dókítà Ọmọdé Òkè-Mosàn

Nọ́ọ̀sì ṣe é re. Olùkọ́, ìbéèrè yín kejì wá kàn, ọmọ wo ni ká gbé lọ?

Gíga ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọmọ tó ń sanra tó sì ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́, tàbí àwọn jíìnì tó ń mú ebi wá, torí oúnjẹ púpọ̀ ń mú egungun náà sáré. Ọmọ tó ń sanra tí gíga rẹ̀ dúró, ìyẹn ni kí ẹ má fi falẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù ló ṣeé ṣe kó bàjẹ́: tírọ́ìdì tó rọlẹ̀, tàbí sítẹ́rọ́ìdì tó pọ̀ lára, bóyá láti inú ara fúnra rẹ̀, bóyá láti inú oògùn.

Èyí tó ń mú wa ronú sí jíìnì kan pàtó: ìsanra tó le tó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5, pẹ̀lú ebi tí kò ṣeé tù. Kì í ṣe ọmọ tó fẹ́ràn ẹran o. Mò ń sọ ti ọmọ tó ń jí lóru wá oúnjẹ, tó ń ko ìyẹ̀fun jẹ ní tútù, tó ń sunkún bí ẹ bá gbé àwo kúrò lẹ́yìn tó ti jẹ tán. Bí ó bá ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, tí kì í ríran dáadáa lálẹ́, ẹ rò ó sí àrùn Bardet-Biedl. Bí ó bá rọ gọ̀ọ̀gọ̀ nígbà tí wọ́n bí i, tí kò lè fa ọmú, tí ebi wá dé nígbà tó yá, ẹ rò ó sí Prader-Willi, tó wá láti apá kan krómósómù 15 tó yẹ kí ti bàbá máa ṣiṣẹ́. Irun pupa wà nínú ìwé fún àwọn tí jíìnì POMC, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì ọ̀nà ebi yìí, wọn bàjẹ́. Lára àwọn ọmọ dúdú, irun lè dúdú síbẹ̀, nítorí náà kí dúdú irun má fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, àyẹ̀wò jíìnì kò ní yí ìtọ́jú ọmọ náà padà. Ṣúgà, ìfúnpá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ló wúlò jù láti yẹ̀ wò.

Alátà Kútọ̀

Dókítà, ẹ mẹ́nu ba oògùn. Oògùn wo?

Apòògùn Pànṣẹ́kẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn, ìyá wa, ó ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà pé á jẹ́ kí èèyàn sanra, kí ìdí tóbi, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Méjì ló pọ̀ nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni cyproheptadine, oògùn ara-yíyún tó ń ru ebi sókè nínú ọpọlọ. Àwọn kan ń rọ ọ́ fún ọmọ wẹ́wẹ́ bí omi ṣúgà. Ó ń mú ọmọ tòògbé, àpọ̀jù rẹ̀ lè da ọkàn rú. Èkejì ni dexamethasone, sítẹ́rọ́ìdì. Ojú á wú róbótó, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, ṣúgà á gòkè, egungun á máa rọ, gíga ọmọ á dúró. Ìdílé á ní "ìran ìyá rẹ̀ ló jọ", oògùn ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti lò ó fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ nínú ara ti sùn. Ìfúnpá lè já wálẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti oògùn tó ń mú ni fọn: semaglutide, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà ebi tí Dókítà ṣàpèjúwe. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó gún un fún ọ̀sẹ̀ 68 fi bíi 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà. Bí ọ̀rá bá dín, leptin á dín, ààfin á tún kígbe ìyàn. Kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìrìn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kó sì ka owó rẹ̀. Inú fíríìjì, láàárín dígíríì 2 sí 8, ni abẹ́rẹ́ tí wọn kò tíì ṣí máa ń wà. Bí iná bá ń lọ fún ọjọ́ méjì ní àdúgbò tí wọ́n ti rà á, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Bó bá dì di yìnyín, ẹ sọ ọ́ nù. Ní 2024 Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp.

Setmelanotide wà pẹ̀lú, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2020 fún àwọn tí jíìnì POMC, PCSK1 tàbí LEPR wọn bàjẹ́. Etí MC4R yẹn gan-an ló ń tẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi lè tún ayé ṣe fún ọmọ díẹ̀ tó ní irú rẹ̀.

Onímọ̀-Oúnjẹ Láfẹ́nwá

Ó kan ìkòkò wàyí. Bí ó bá jẹ́ pé ebi ni jíìnì ń gbà bá wa jà, oúnjẹ tó ń pa ebi fún ìgbà pípẹ́ la máa sè. Ìfebipara kò ní tọ́jọ́.

Òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Síbí ìjẹun kíkún kan jẹ́ bíi gíráàmù 14, kálórì 120. Ayamáṣe tó léfòó lórí epo lè gbé síbí 5 sórí àwo kan ṣoṣo: kálórì 600, kí ẹ tó ka ìrẹsì Ọ̀fàdà sí i. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ sinmi lẹ́yìn tó bá jiná, epo á gòkè, ẹ fi síbí ré e kúrò. Adùn rẹ̀ kò ní lọ, inú ata àti irú ni adùn wà.

Mínírà sẹ̀ǹtílítà 50 tó ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú 100 mílílítà, gíráàmù 50 ni lápapọ̀. Kóró ṣúgà oníhóró 12 nìyẹn, kálórì 200, kì í sì í yó ni. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa yí nínú ilé, òun ni kí ẹ yí.

Làfún kò lẹ́ṣẹ̀, Ẹ̀gbá kì í ṣe àìjẹ làfún. Bí ó ṣe pọ̀ tó ló ṣòro mọ̀ lójú. Ẹ wọn ìyẹ̀fun ní gbígbẹ kí ẹ tó rò ó: gíráàmù 100 jẹ́ bíi kálórì 350, bí omi ṣe pọ̀ tó kò fi kálórì kún un. Ẹni tó ń rò ó líle ń jẹ púpọ̀ lábẹ́ òkèlè kékeré. Ẹ rò ó rírọ̀, ẹ dín ìyẹ̀fun sí gíráàmù 80, kí ewédú tàbí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀wà àárọ̀ ń gbé ọmọ dé ọ̀sán ju búrẹ́dì àti tíì lọ. Kí ọmọ jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ kó tó kan òkèlè. Ìlànà yẹn nìkan ń dín òkèlè kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀pà kì í ṣe ìpanu òfo o. Gíráàmù 100 rẹ̀ lé ní kálórì 550. Ìkúnwọ́ kan tó.

Kí gbogbo ilé jọ yí i. Ilé tí wọ́n bá ti ń bu oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ọmọ kan nítorí pé ó sanra, ọmọ náà á máa jẹun níkọ̀kọ̀.

Olùkọ́ Ìjẹmọ̀

Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Bí òbí bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ló yẹ kó mú dání?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìwọ̀n inú rẹ̀ ni dókítà máa fi mọ ìgbà tí ìsanra bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ kí ó tó pé ọdún 2, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Gíga bàbá àti ìyá. Gbogbo oògùn, àgbo àti ìpara tí ọmọ ń lò, pẹ̀lú páálí wọn. Ẹ kọ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ọjọ́ kan nínú wọn jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ má ṣe fi mínírà àti bisikíìtì sílẹ̀. Bó bá ń hanrun, tí mímí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, ẹ fi fóònù ká ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Kó wá láìjẹun láti alẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ tí a máa gbà. Omi nìkan ló lè mu. Bí ó bá ti ń lo sítẹ́rọ́ìdì, kí ẹ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n á bi yín.